Ta Ló Ń Bá Ọ Rí Ìpàkọ́ Rẹ?

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun.

Ní Ẹ́kísódù orí 18, Jẹ́tírò, àna Mósè, kó ìyàwó àti àwọn ọmọ Mósè wá bá a ní aginjù. Lọ́jọ́ kejì, ó rí i bí Mósè ṣe jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tó ń dájọ́, tí èrò dúró yí i ká. Bàbá náà kò yìn ín. Ó ní, "Èyí tí ìwọ ń ṣe yìí kò dára." Ẹni tó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nídìí igbó tó ń jó ló ń sọ ọ́ fún o! Ẹsẹ 24 sì ní Mósè gbọ́.

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Èèyàn lè gbààwẹ̀ lórí òkè, kó sọ̀ kalẹ̀, kó má tíì mọ ohun tí gbogbo ọ́fíìsì ti mọ̀ nípa rẹ̀.

Aránṣọ kan (kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ẹ má wulẹ̀ wò yíká) máa ń ráhùn pé ọmọ iṣẹ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ òun, pé fóònù ló bà wọ́n jẹ́. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́nà Ìjìgbò. Ọmọ kan ti tẹ́ aṣọ bùbá sórí tábìlì, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ọrùn rẹ̀, ó fẹ́ gé e. Ọ̀gá já àlùmọ́gàjí gbà: "Gbé e wá jàre, kí o má ba aṣọ oníbàárà jẹ́." Ó gé e, ó sì gún régé. Ọmọ náà padà sídìí bọ́tìnnì tó ń rán. Ọdún kejì rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ọ̀gá fajú ro, ó ní orúkọ òun lòun ń ṣọ́. Irọ́ kọ́. Mósè náà kò ṣe iṣẹ́ burúkú.

Àwa ará Èkìtì fẹ́ràn ìwé, a sì ń kà á fún ìdánwò ìgbéga. Àmọ́ nílẹ̀ wa, ọmọdé kì í wojú àgbà kó ní "èyí kò dára." Bí ipò wa ṣe ń ga ni ẹni tó lè sòótọ́ fún wa ń dín kù. Jẹ́tírò rí i sọ nítorí pé àna ni. Awakọ̀ rẹ kò lè sọ ọ́, akọ̀wé rẹ kò lè sọ ọ́. Àfi kí ìwọ ọ̀gá fẹnu ara rẹ béèrè pé, "Kí ni mò ń ṣe tó ń ni yín lára?", kí o sì panu mọ́ nígbà tí èsì bá dé. Pípanu mọ́ yẹn ló le jù.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Ẹ́kísódù 18 láti ẹsẹ 13 la máa kà. Kí kálukú ti bi ẹnì kan tó kéré sí i ní ìbéèrè yẹn kó tó wá. Àwọn ọmọ mi ti ní àwọn ti ṣetán láti dá mi lóhùn.

Olùṣọ́-àgùntàn yín