Ráútà tí o gbé sí Òmùò ti kú

Adó-Èkìtì

Ọ̀gá Wáyà mi,

Báwo ni Toronto? Ṣé òtútù ti ń dẹwọ́? Oòrùn tó ń ta wá níbí, bí ẹni pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè ni. Mo yà kí Màmá rẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ara wọn le, wọ́n sì ní kí n sọ fún ọ pé o ò pè.

Ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì, tí o gbé sí ẹ̀ka wa ní Òmùò kí o tó rìnrìn àjò ti kú. Èmi náà ni mo sì sin ín.

Ìyá Ìbejì ló pè mí. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe dáadáa láàárọ̀, àmọ́ tó bá ti di aago mọ́kànlá, ó di àwátì. Wọ́n á pa á, wọ́n á tàn án, á ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tún kú. O mọ̀ mí, àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wa ni mo kọ́kọ́ gbá mú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bá wọn jà lórí fóònù kí n tó ní kí Ìyá Ìbejì ping ráútà fúnra rẹ̀, kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà pè é wò bóyá á dáhùn. Ó dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wáyà tó wà láàárín òun àti kọ̀ǹpútà wọn kò sì gùn ju apá mi lọ! Inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà láti ọjọ́ yìí wá. Mi ò tíì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tí mo bú.

Mo wọ mọ́tò, a gba Ìfàkì, Ọ̀yẹ́, Ìkọ̀lé, kí a tó dé Òmùò ọrùn mi ti gan. Mo bá ráútà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, lábẹ́ páànù gbígbóná, Ìyá Ìbejì ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. "Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ọmọ mi. Jẹ́ kó sinmi."

Mo fi mítà wọn adápútà rẹ̀ tó ń fún un níná: 12.2 volt. Mo ní kò sóhun tó ṣe é. Wákàtí kan gbáko ló lọ lórí wáyà kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé nígbà tí kò ru ẹrù kankan ni mo wọ̀n ọ́n. Mo bó awọ wáyà rẹ̀ díẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n nígbà tí ráútà ń jẹ iná lẹ́nu rẹ̀: 9.1. Iná náà kò tó o.

Mo tú ráútà náà. Èèpo ẹyin ọmọńlé méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn kàpásítọ̀, àwọn agolo kékeré tí orí wọn yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, mẹ́ta nínú wọn ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó sọ òkèlè iyán ńlá sẹ́nu. Iṣẹ́ ọwọ́ ooru ni. Mo rò ó bóyá kí n pààrọ̀ wọn, àmọ́ ó pẹ́ tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti dáwọ́ àtúnṣe sọ́fítíwíà rẹ̀ dúró, owó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti gbé tuntun dání.

Ibi tí mo ti ṣépè fún ọ rèé. Páásíwọ́ọ̀dù tí o fi bírò kọ sí ìdí rẹ̀ ti pa rẹ́, lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan ló kù. Mo pè ọ́, aago márùn-ún ìdájí lọ́dọ̀ yín, o ò gbé e. Mo bá yá adápútà díkódà Ìyá Ìbejì, ẹnu wọn ṣe kòńgẹ́, ráútà jí, ó ń mí. Orí bá mi ṣe é, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ṣì rántí páásíwọ́ọ̀dù náà. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ mìíràn ló ṣe tuntun, kò gbọ́ èdè fáìlì ti àtijọ́. Mo jókòó, mo fọwọ́ da gbogbo ètò rẹ kọ sínú ìwé ìkọ̀wé ọ̀kan nínú àwọn ìbejì.

Tuntun tàn, íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, àmọ́ VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó so wọ́n mọ́ Adó, kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ìwé ẹ̀rí Adó kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo yẹ aago rẹ̀ wò: ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1970! Ọ̀rẹ́, ogun Biafra kò tíì parí nígbà yẹn, pọ́n-ùn la ṣì ń ná, Ìpínlẹ̀ Èkìtì sì di 1996. Ó yẹ kó lọ bèèrè aago lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ DNS tó máa túmọ̀ orúkọ fún un, Adó ni mo júwe, bí ìwọ náà ṣe ṣe é. Ọ̀nà Adó kò sì lè ṣí láìsí aago. Adìyẹ bà lókùn! Mo fọwọ́ tún aago ṣe, mo sì ní kó máa wá orúkọ aago níta. Kò pẹ́ tí Ìyá Ìbejì fi pariwo pé ó ti wọlé.

Iyán àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ṣe mí lálejò. Jẹ́ kó wù ọ́.

Nǹkan kan ṣì kù. Nínú ètò rẹ, ọ̀nà kan wà tí o là sí àdírẹ́sì ẹ̀rọ kan, 192.168.10.77. Mo dà á kọ bó ṣe wà, àmọ́ mo ping ibẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, Ìyá Ìbejì náà kò mọ ohun tó jẹ́. Kí lo fi síbẹ̀?

Èmi ni tìrẹ,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Adó