Lẹ́yìn Tí Bíṣọ́ọ̀bù Bá Ti Gbọ́wọ́ Lé Wọn Tán

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n lè sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó kan àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbọ́wọ́lé nínú ìjọ, ó sì kan àwa àgbà tí a mú wọn dé ibẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ kíláàsì ìgbọ́wọ́lé, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní kọnfamẹ́ṣọ̀n, ìsìn tí bíṣọ́ọ̀bù ti ń gbọ́wọ́ lé ẹni tó ti gba ìsàmì, tí ó sì ń gbàdúrà fún un. Ohun kan náà ni mo ń rí lọ́dọọdún. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí bíṣọ́ọ̀bù yóò dé, kì í sí àga tó ṣófo nínú kíláàsì; nígbà tí yóò bá fi tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni n óò máa fi ojú wá àwọn ọmọ wọ̀nyí kiri nínú ìsìn, n kò sì ní rí ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ.

Ní ọdún kan, ọmọkùnrin kan tó mọ Katikísímù, ìyẹn ìbéèrè àti ìdáhùn ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wá bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun gan-an, sà. A ti parí báyìí.” Kò sí àfojúdi kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo dáhùn pé, “Kú oríire, ọmọ mi,” a sì pínyà. Ìgbà tí mo délé ni ọ̀rọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, nítorí mo rí i pé àwa tí a jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ni a fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ráhùn pé ẹ̀kọ́ ti pọ̀ jù, ohun tí a máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fara dà á, ó kù díẹ̀ kí wọ́n parí. A ń ṣe ìdánwò fún wọn, a ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, a ń bá wọn ya fọ́tò, a sì ń kí wọn gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kí ẹni tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́. Ta ni yóò wá bá ẹni tó ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ wí pé kò padà wá jókòó sí kíláàsì?

Bẹ́ẹ̀, ìsìn náà fúnra rẹ̀ kò fìgbà kan sọ pé nǹkan kan parí. Ẹ wo àdúrà tí bíṣọ́ọ̀bù ń gbà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà ní orí ọmọ náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà ti ọdún 1662. Ó ń bẹ Olúwa pé kí ó fi oore-ọ̀fẹ́ rẹ̀ ti ọ̀run dáàbò bo ọmọ yìí, kí ọmọ náà lè máa jẹ́ ti Olúwa títí láé, kí ó sì máa pọ̀ sí i nínú Ẹ̀mí Mímọ́ lójoojúmọ́ títí yóò fi dé ìjọba ayérayé. Lójoojúmọ́ ni àdúrà náà wí. Ọmọ tó kúnlẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e gan-an ni àdúrà tí wọ́n gbà fún un ti ní láti máa ṣiṣẹ́.

Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 19 sọ pé Pọ́ọ̀lù bá àwọn ọmọ-ẹ̀yìn kan pàdé ní Éfésù, àwọn tí gbogbo wọn tó ọkùnrin méjìlá. Ó gbọ́wọ́ lé wọn, Ẹ̀mí Mímọ́ sì bà lé wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa oníwàásù máa ń dé tí a óò fi pa Bíbélì dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ẹsẹ díẹ̀ sí i yóò rí i pé Pọ́ọ̀lù kò gbé àpò rẹ̀ kó máa lọ. Oṣù mẹ́ta ni ó fi sọ̀rọ̀ nínú sínágọ́gù. Nígbà tí àwọn kan sì ṣe orí kunkun, ó ya àwọn ọmọ-ẹ̀yìn sọ́tọ̀, ó sì ń bá wọn fi ọ̀rọ̀ wérọ̀ lójoojúmọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Tíránù fún ọdún méjì gbáko. Àwa ń kọ́ ọmọ fún oṣù bíi mélòó kan kí a tó gbọ́wọ́ lé e, a sì ń dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní Éfésù, ẹ̀yìn ìgbọ́wọ́lé ni ẹ̀kọ́ tó gùn jù lọ wà.

Bí àwọn ìjọ ṣe ń ṣe é kò rí bákan náà, n kò sì kọ̀wé yìí láti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lórí ìyẹn. Nínú ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì ti Ìlà-oòrùn, ìgbà tí ọmọ bá gba ìsàmì náà ni wọ́n ń fi òróró mímọ́ yàn án, ì báà jẹ́ ìkókó. Ní ìhà Ìwọ̀-oòrùn, nítorí pé bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ yìí, tí kò sì lè wà níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, àkókò wá ń gùn sí i láàárín ìsàmì àti ìgbọ́wọ́lé, títí tí ó fi di ohun tí ọ̀dọ́ tó ti lè dáhùn fún ara rẹ̀ ń gbà. Àǹfààní ńlá wà nínú tiwa, nítorí ọ̀dọ́ náà fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀jẹ́ tí àwọn onígbọ̀wọ́ jẹ́ fún un níbi ìsàmì nígbà tó wà ní ìkókó. Ewu rẹ̀ náà kò kéré. Kò sí ẹni tí yóò wo ìkókó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró yàn kí ó sọ pé ó ti parí, ṣùgbọ́n a ń wo ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó wọ aṣọ funfun, a sì ń rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ̀rọ̀ Sámúẹ́lì. Inú ilé Olúwa ni ó ti dàgbà, lábẹ́ ojú Élì àlùfáà. Ó ń wọ efódì, aṣọ iṣẹ́ àlùfáà, ó ń ṣiṣẹ́ ìsìn. Síbẹ̀, ìwé Sámúẹ́lì Kìíní sọ ní orí kẹta pé Sámúẹ́lì kò tíì mọ Olúwa. Ìgbà tí Ọlọ́run pè é lóru, Élì ni ó sáré tọ̀ lọ, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Nítorí náà, bí ẹ bá mọ Òfin Mẹ́wàá, Àdúrà Olúwa àti Ìgbàgbọ́ àwọn Àpọ́sítélì lórí, tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé Ọlọ́run, ṣùgbọ́n tí ẹ̀ ń rò nínú ara yín pé ẹ kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ má ṣe rò pé irọ́ ni ìgbọ́wọ́lé yín. Ẹ ṣáà má kúrò níbi tí Sámúẹ́lì sùn sí.

Ohun kan tún wà nínú ìtàn náà tí n kò fiyè sí títí mo fi dàgbà. Hánà ìyá rẹ̀ máa ń dá ẹ̀wù kékeré kan fún un, á sì mú un lọ fún un lọ́dọọdún nígbà tó bá bá ọkọ rẹ̀ gòkè lọ rúbọ. Ìdí tó fi ń dá òmíràn lọ́dọọdún kò fara sin: ọmọ ń dàgbà, ti èṣí kò gbà á mọ́. Aṣọ funfun tí ẹ wọ̀ ní ọjọ́ ìgbọ́wọ́lé, bí ẹ bá gbìyànjú rẹ̀ wò ní ọdún méjì sí i, yóò fún mọ́ yín lára. Ìdáhùn tí ẹ kọ́ sórí ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá pàápàá lè fún mọ́ yín lára nígbà tí ẹ bá pàdé ikú ẹni tí ẹ fẹ́ràn, tàbí tí olùkọ́ tí ẹ bọ̀wọ̀ fún bá sọ pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, tàbí tí àdúrà tí ẹ gbà tọkàntọkàn kò bá rí ìdáhùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń rò nígbà náà pé ìgbàgbọ́ ni kò dára, wọ́n á sì bọ́ ọ sílẹ̀. Ẹ̀wù ọmọdé ni ó kéré. Ẹ béèrè fún òmíràn tó tó yín wọ̀.

Ìbéèrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Jésù fúnra rẹ̀, ní ọmọ ọdún méjìlá, àárín àwọn olùkọ́ ni wọ́n ti bá a ní tẹ́ḿpìlì, tí ó ń gbọ́ tiwọn, tí ó sì ń bi wọ́n léèrè. Lúùkù sì sọ lẹ́yìn ìyẹn pé ó ń pọ̀ sí i ní ọgbọ́n. Baba tó mú ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Jésù nínú Máàkù orí 9 pariwo pé òun gbàgbọ́, ó sì bẹ̀ nínú gbólóhùn kan náà pé kí Olúwa ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Jésù kò lé e padà. Ó wo ọmọ náà sàn. Nítorí náà, ẹ gbé ìbéèrè yín tọ àlùfáà lọ, tàbí àgbà kan tí ẹ mọ̀ pé ó ń gbàdúrà. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá bínú, ẹ wá ẹlòmíràn. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wa tí ń bínú nítorí pé àwa náà kò mọ ìdáhùn.

Ní ti Bíbélì, n kò ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Jẹ́nẹ́sísì kí ẹ máa kà á lọ bí ẹni tí ń sáré. Inú ìwé Léfítíkù ni ọ̀pọ̀ ti máa ń jókòó sí. Orí mẹ́rìndínlógún péré ni Ìhìnrere Máàkù ní. Ẹ ka orí kan lóòjọ́, kí ẹ kọ ohun kan tó yà yín lẹ́nu sílẹ̀, kí ẹ sì gbàdúrà lórí rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ara yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ kí ẹ tó wá sí Tábìlì Olúwa. Ìwé Àdúrà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan so ìgbọ́wọ́lé mọ́ Ìdàpọ̀ Mímọ́: ẹni tí kò tíì gba ìgbọ́wọ́lé, tí kò sì múra tán láti gbà á, kò tíì lè jẹ nínú Ìdàpọ̀ náà. Ó máa ń jọ mí lójú pé ọmọ á ṣe wàhálà oṣù gbọọrọ kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn yàrá oúnjẹ fún un, nígbà tí ilẹ̀kùn bá sì ṣí tán, á kọ ẹ̀yìn sí oúnjẹ náà.

Àwọn tí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ yóò gbé lọ sí ibòmíràn, ẹ wá ìjọ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ibẹ̀. Ohun tí mo rí láàárín àwọn ọmọ tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá ní kí òun kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ ná kì í sábà rántí mọ́. Ìwàásù orí fóònù dára, èmi náà ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n fóònù kò ní mọ̀ pé ẹ kò wá.

Ọ̀rọ̀ kù fún àwa àgbà. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì pé kí ó máa rú ẹ̀bùn Ọlọ́run sókè, èyí tó wà nínú rẹ̀ nípa ìgbọ́wọ́lé òun. Bí a ṣe ń koná kí ó má baà kú ni ọ̀rọ̀ náà jẹ́ nínú èdè Gíríìkì. Pọ́ọ̀lù mọ̀ pé iná tí ọwọ́ òun dá lè jó àjórẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tó fi kọ lẹ́tà. Mélòó nínú wa ló ti kọ lẹ́tà, tàbí kó tẹ ọmọ láago, lẹ́yìn ìgbọ́wọ́lé? Àwọn onígbọ̀wọ́ ńkọ́, tí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú Ọlọ́run? Mo dá a lábàá pé kí olúkúlùkù ìjọ máa bá kíláàsì náà lọ fún ọdún kan gbáko lẹ́yìn ìgbọ́wọ́lé, láìsí ìdánwò, láìsí ìwé ẹ̀rí, kí wọ́n sì fún àwọn ọmọ náà ní iṣẹ́ tó ní láárí: kí wọ́n ka Bíbélì nínú ìsìn, kí wọ́n bẹ aláìsàn wò pẹ̀lú àgbà, kí wọ́n jókòó nínú ìgbìmọ̀ kí a sì gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Gbígbé àga nìkan kò tó iṣẹ́ fún ẹni tí a gbọ́wọ́ lé.

Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, mo wá nọ́ńbà ọmọkùnrin tó sọ fún mi pé a ti parí, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì mí pé n kò dá a lóhùn dáadáa ní ọjọ́ náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ní ìbéèrè kan tó ti wà lọ́kàn òun láti ìgbà tí a wà ní kíláàsì, ṣùgbọ́n pé òun rò pé kò sí nínú ohun tí wọ́n máa béèrè nínú ìdánwò. A ti pàdé lórí ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, a kò sì tíì yanjú rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kíláàsì ìgbọ́wọ́lé kan