Àkànní, má tíì tú kámẹ́rà yẹn

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì dúpẹ́ pé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà. Bá mi kí Bàbá gan-an. Kámẹ́rà onífíìmù Olympus OM-1 tí wọ́n gbé lé ẹ lọ́wọ́ yẹn kì í ṣe ohun ìṣeré. Àmọ́ ibi tí o ti kọ ọ́ pé o ti ra síkúrúdíráfà kékeré, pé o fẹ́ tú u wò lópin ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Dákun, kó síkúrúdíráfà yẹn pamọ́ ná.

Kí o tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá, wo nọ́ńbà kékeré orí rẹ̀ tó ń ka iye fótò tí wọ́n ti yà. Gbàrà tí ẹ̀yìn kámẹ́rà náà bá ti ṣí ni nọ́ńbà yẹn ń padà síbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí o bá bá a lórí 12 tàbí 20, ó ṣeé ṣe kí fíìmù ṣì wà nínú rẹ̀ látọjọ́ tí Bàbá ti gbé e jù sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wá rọra yí ohun tí a fi ń ká fíìmù padà, èyí tó wà lápá òsì lókè, síbi tí ọfà kọjú sí. Bó bá ń yí lófìfo, kò sí nǹkan kan ńbẹ̀. Bó bá ń fa ọwọ́ rẹ padà, fíìmù ń bẹ nínú. Yí bọ́tìnì tí wọ́n kọ R sí níwájú, ká fíìmù náà títí ọwọ́ rẹ á fi fúyẹ́, lẹ́yìn náà ni kí o ṣí i. Bó bá jẹ́ fíìmù aláwọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣá gan-an, àmọ́ ti dúdú àti funfun lè gbé àwòrán pamọ́ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ ìwọ alára ló wà níbẹ̀, nígbà tí o ṣì ń rìn ìhòòhò kiri ilé.

Yoshihisa Maitani, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Olympus, ló ṣe kámẹ́rà yìí. Nígbà tó jáde lọ́dún 1972, M-1 ni wọ́n ń pè é. Leica, ilé iṣẹ́ kámẹ́rà ilẹ̀ Jámánì, ló yarí torí orúkọ yẹn, ni wọ́n bá sọ ọ́ di OM-1. Bó ṣe kéré tó sì fúyẹ́ ni gbogbo ayé fi ń yìn ín, àmọ́ ohun tó wù mí jù ní tèmi ni pé ṣọ́tà rẹ̀, ìyẹn aṣọ inú tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù, kò bẹ bátìrì. Mítà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nìkan ni bátìrì wà fún. Bátìrì kú o, ò ń ya fótò rẹ lọ.

Ìjókòó lásán ni ọ̀tá ṣọ́tà náà. Òróró díẹ̀ tí wọ́n fi sí i nílé iṣẹ́ máa ń ki bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn eyín inú ẹ̀rọ á wá máa lọ́ra. Bí o ṣe máa mọ̀ rèé: láìsí fíìmù, yí òrùka tó wà nídìí lẹ́ńsì sí 1, fa lífà tó ń fa fíìmù síwájú, tẹ bọ́tìnì tí a fi ń ya fótò, kí o sì dẹtí. Ó yẹ kí o gbọ́ bó ṣe máa kùn fún ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó pa dé. Bó bá há sójú ọ̀nà, tàbí tí ìkùn náà ń já tó sì ń so, má bẹ̀rù. Máa fà á, máa tẹ̀ ẹ́, láti orí èyí tó yára títí dé orí èyí tó falẹ̀, bí o bá jókòó tí o ń gbọ́ rédíò lálẹ́. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan inú wọn. Lẹ́yìn náà, yọ lẹ́ńsì, ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, kọjú rẹ̀ sí ògiri funfun tí ìmọ́lẹ̀ wà lára rẹ̀ dáadáa, kí o tẹ̀ ẹ́ lórí 1000. Bí ẹ̀gbẹ́ kan nínú fèrèsé kékeré yẹn bá ṣókùnkùn, aṣọ méjì inú ṣọ́tà kò sáré dọ́gba mọ́. Ìyẹn ti di iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan á ní kí o fọ́n òróró sí i. Má dá wọn lóhùn! Aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ ni ṣọ́tà yẹn, òróró kì í sì í dúró síbi tí a fi í sí. Ó máa ń rìn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó yẹ kó ṣì wà láàyè ló jẹ́ pé òróró onínúure ló pa á.

Fóòmù ló kàn. Fi ìka kan inú kòtò tóóró tó wà létí ibi tí ẹ̀yìn kámẹ́rà ti ń pa dé. Bí nǹkan dúdú bá lẹ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́ bí ọ̀dà títì tí oòrùn mú, fóòmù tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé ti rà nìyẹn. Èyí, o lè ṣe é fúnra rẹ. Wé òwú mọ́ igi ìtayín, fi sípíríìtì rin ín, kí o rọra máa ha á kúrò, kí o sì dojú ẹ̀yìn kámẹ́rà tó ṣí náà kọ ilẹ̀ kí ìdọ̀tí má bàa já sórí ṣọ́tà. Òwú ìhun dúdú tí o tẹ́ sínú kòtò náà ń ṣiṣẹ́ bíi fóòmù tuntun. Fóòmù kan tún wà lórí gíláàsì tí a fi ń wo ìta, lábẹ́ gọgọ orí kámẹ́rà. Bí ìyẹn bá rà, ó máa ń jẹ fàdákà ara gíláàsì náà, wàá sì rí àbàwọ́n bí o bá fojú sí i. Kì í hàn nínú fótò, ojú rẹ nìkan ló ń dà láàmú. Ní ti dígí inú, má fi aṣọ nù ún láé. Iwájú ni fàdákà tirẹ̀ wà, kì í ṣe ẹ̀yìn bíi ti dígí ilé, bí o bá nù ún, ó ń ṣí lọ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ rọ́bà tí a fi ọwọ́ fún ti tó o.

Bátìrì wàyí. Èyí tí wọ́n ṣe mítà yẹn fún jẹ́ ti mẹ́kúrì, agbára iná rẹ̀ jẹ́ fóltì 1.35, wọn kò sì ṣe é mọ́ torí májèlé inú rẹ̀. Èyí tó wà lọ́jà báyìí tó bá a mu nínípọn jẹ́ fóltì 1.5, agbára rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ bí o ṣe ń lò ó, nítorí náà mítà á máa parọ́ fún ẹ. Ra bátìrì ohun ìgbọ́rọ̀ àwọn adití, nọ́ńbà 675. Ó sún mọ́ 1.4, kì í sì í yí padà títí á fi kú. Ó kéré ju ihò náà lọ, fi òrùka rọ́bà yí i ká. Bí o bá bá ìyẹ̀fun funfun tàbí ti àwọ̀ ewé nínú ihò náà, fi fínígà díẹ̀ nù ún, jẹ́ kó gbẹ. Pa mítà náà bí o bá ti lò ó tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bátìrì ò ní pẹ́.

Lẹ́ńsì rẹ, fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀yìn. Bí o bá rí okùn tín-ín-rín tó nà káàkiri inú gíláàsì, ó ti hu èbu. Yọ ọ́ kúrò nínú àpò awọ tí o ní ó ti ń bọ̀ yẹn, àpò awọ ló ń gbé ọ̀rinrin pamọ́. Àpò pélébé silica gel tí wọ́n ń fi sínú páálí bàtà dára jù ú lọ fíìfíì.

Bí gbogbo èyí bá ti parí, ra fíìmù dúdú àti funfun ISO 400 kan (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó). Bí o bá ń fa lífà, máa wo ohun ìkáfíìmù apá òsì: bí kò bá yí pẹ̀lú rẹ̀, fíìmù kò mú, òfìfo lò ń yà. Nínú oòrùn gangan, yí ihò lẹ́ńsì sí f/16 (bí nọ́ńbà f bá ṣe tóbi tó ni ihò náà ṣe ń kéré tó), kí ṣọ́tà sì wà lórí 500, ìyẹn ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú-àáyá. Bí òfúrufú bá ṣú, f/8. Bí o bá máa wọkọ̀ òfúrufú, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọwọ́ yẹ fíìmù rẹ wò, torí ẹ̀rọ CT tuntun tí wọ́n fi ń yẹ inú ẹrù wò ní pápákọ̀ òfúrufú máa ń bà á jẹ́.

Fótò Bàbá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí. Jẹ́ kí wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lọ́sàn-án, kí o ṣí lẹ́ńsì sí f/2.8, ṣọ́tà sí 60, kí o fi ìgbọ̀nwọ́ ti ìhà rẹ méjèèjì. Ya méjì, torí wọ́n á sẹ́jú nínú ọ̀kan.

Èmi ni tìrẹ,
Àlàbí