Kì í sábà jẹ́ trámádọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Láti Láfẹ́nwá dé Pánṣẹ́kẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń lo trámádọ̀, oògùn ìrora tó máa ń di bárakú, ni pé yóò jẹ wọ́n lẹ́dọ̀. Àwọn ọmọ náà á ní irọ́ ni, ọdún kẹta rèé tí àwọn ti ń lò ó, ojú àwọn ò pọ́n. Ìdajì òótọ́ ló wà lẹ́nu tọ̀túntòsì.

Trámádọ̀ tàbí kodéìnì, oògùn ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í sáábà pa ẹ̀dọ̀ tó bá dá wà. Ohun tó bá a rìn ló yẹ ká wò. Ọ̀pọ̀ hóró kodéìnì ló ní parasítámọ̀ nínú. Irú kan jẹ́ kodéìnì 8 mg pẹ̀lú parasítámọ̀ 500 mg. Ẹni tó ti di bárakú fún, hóró méjì ò ní tó o mọ́ tó bá yá. Á di mẹ́fà, á di méjìlá lóòjọ́. Kodéìnì inú méjìlá ò ju 96 mg lọ, ṣùgbọ́n parasítámọ̀ rẹ̀ ti di 6,000 mg, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà tára rẹ̀ le kò gbọdọ̀ kọjá 4,000 mg láàárín wákàtí 24. Kodéìnì a máa mọ́ ọpọlọ lára. Parasítámọ̀ kì í mọ́ ẹ̀dọ̀ lára. Èròjà kan wà tí ẹ̀dọ̀ fi ń rọ májèlé inú parasítámọ̀ lágbára. Bó bá tán, ẹ̀dọ̀ ni májèlé yẹn máa jó. Ẹni tí kò jẹun, tó tún ń fi páragà tì í, tirẹ̀ ló ń tètè tán.

Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ rèé: lọ́jọ́ kìíní, èébì lásán ni, tàbí kára dá ṣáká. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni ìrora á mú un lábẹ́ ìhà ọ̀tún, lẹ́yìn náà funfun ojú á wá dà bí awọ ọsàn tó pọ́n. Ará ilé á ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, wọ́n á se àgbo, wọ́n á tún fún un ní parasítámọ̀ méjì sí i! Oògùn tó ń gbógun ti májèlé yìí, acetylcysteine, ń ṣiṣẹ́ jù láàárín wákàtí 8 àkọ́kọ́. Ẹ má dúró de ojú pípọ́n. Ẹ gbé páálí oògùn náà dání lọ sílé ìwòsàn.

Ti àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gún oògùn olóró sára kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó bá ń bá ẹlòmíì lo abẹ́rẹ́ kan náà lè kó àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B tàbí C. Oògùn oníhóró tí wọ́n sábà ń lò fún ọ̀sẹ̀ 12 ń wo C sàn; B ní àjẹsára, ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà.

Tí ẹ̀dọ̀ bá ti wá bàjẹ́, ìgbà náà ni trámádọ̀ gan-an di ewu, torí ẹ̀dọ̀ ló ń tú u. Lára ẹni tó lera, nǹkan bíi wákàtí 6 ni ìdajì rẹ̀ fi ń kúrò. Lára ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti le gbagidi, ó lè tó wákàtí 13. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní 50 mg ní wákàtí 12 síra. Kápúsù trámádọ̀ 225 mg tí wọ́n ń tà lábẹ́ aṣọ ju ti ọjọ́ méjì lọ fún un. Oògùn yìí tún ń dí ìgbẹ́ mọ́ni nínú, ìdọ̀tí tí ẹ̀dọ̀ ì bá sẹ́ á gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ọpọlọ. Á máa sùn lọ́sàn-án, á lajú lóru, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ní dọ́gba. Tó bá na ọwọ́, ọwọ́ á máa jábọ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. “Ó ti yó” ni wọ́n máa ń wí. Ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lọ́fun, ó lè gba ọ̀nà èémí. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kẹ́ ẹ wá ọkọ̀.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àrò, l'Abẹ́òkúta níbí, ń tọ́jú ẹni tí oògùn ti di bárakú fún. Kí ẹni tó bá lọ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò fún ẹ̀dọ̀ àti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C, kó sì sọ iye hóró tó ń lò lóòjọ́ gan-an, ọtí pẹ̀lú. Iye yẹn ni àwọn mélòó kan máa ń pín sí méjì nítorí ìtìjú, dókítà á sì fi ìdajì ṣírò.

Apòògùn kan,
Abẹ́òkúta