Ẹ Gbé Fóònù Yín Wálẹ̀ Díẹ̀, Ọmọdé Wà Lẹ́yìn

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Kúbwà ni mò ń gbé nílùú Àbújá níbí. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi, ọdún 37 ni mo sì fi ṣe é kí n tó gbé kámẹ́rà kọ́. Mo tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé arúgbó tó kórìíra fóònù ló jókòó tó ń kọ̀wé. Fóònù tó wà lápò mi báyìí ń ya ohun tí kámẹ́rà tí mo fi gba fírídọ́ọ̀mù kò lè yà láéláé, inú mi sì ń dùn sí i. Bí a ṣe ń lò ó níbi eré ló ń dùn mí lọ́kàn, àgàgà ní àwọn ọgbà ìgbafẹ́ tí à ń kó ọmọ lọ nígbà ọdún.

Ọjọ́ kejì Iléyá tó kọjá ni mo mú ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ọgbà wọ̀nyí. Ó gun gbogbo ohun tí ọmọ ń gùn níbẹ̀, ó jẹ gbogbo ohun tí ọmọ ń jẹ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ṣí ibi eré. Àwọn olókìtì wà níbẹ̀, onídán wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó so igi gígùn mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, obìnrin kan sì ń bọ̀ tí yóò fi iná jó. Ìlà kẹrin la jókòó sí. Bí ìlù ṣe dún báyìí, gbogbo ọwọ́ tó wà níwájú wa gbéra sókè, fóònù ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé tábúlẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun.

Ọmọ dìde dúró, kò rí nǹkan kan. Mo gbé e lé itan, kò rí nǹkan kan. Ǹ bá gbé e lé èjìká, àmọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn wa ni yóò jìyà ìyẹn, mi ò sì lè ṣe ohun tí mò ń bínú sí. Ó ń bi mí pé, "Bàbá àgbà, kí ni wọ́n ń ṣe báyìí?" Mò ń sọ fún un. Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́. Mo wojú rẹ̀, àṣé ó ti dá ọgbọ́n tirẹ̀: ojú fóònù ọ̀gbẹ́ni tó jókòó níwájú wa ló ń wò. Èèyàn ẹlẹ́ran ara ń fò sókè níwájú wa, kò ju mítà 15 lọ, inú gíláàsì tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi lọmọ mi ti ń wò ó. Tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá já wọlé sórí fóònù náà, eré á dá dúró lójú ọmọ títí ọ̀gbẹ́ni á fi nù ún kúrò. Ó tún ṣe, ọ̀gbẹ́ni yí kámẹ́rà sójú ara rẹ̀, kó lè fi han àwọn èèyàn rẹ̀ pé òun wà níbẹ̀. Ni ọmọ ọmọ mi bá rí ara rẹ̀ nínú gíláàsì yẹn, lẹ́yìn èjìká ọ̀gbẹ́ni, ẹnu rẹ̀ kún fún bisikíìtì. Ó juwọ́ sí ara rẹ̀.

Mo fọwọ́ kan ọ̀gbẹ́ni náà. Mo ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ọmọdé wà lẹ́yìn yín." Ọmọ Yorùbá ni, mo ti gbọ́ bó ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó yíjú padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ìṣẹ́jú kan ló kù." Mo gbà pé kò fẹ́ parọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan yẹn gùn títí eré fi parí.

Ti ọ̀dọ́mọkùnrin orí igi ló wá já mi láyà. Ó rìn wá sí etí pèpéle, ó tẹ̀ ba láti bọ àwọn ọmọ tó wà níwájú lọ́wọ́, ẹnì kan sì tan fláàṣì sí i lójú gbòlà. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà tan tirẹ̀. Mo rí i tí igi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yọ̀, tó ta gìrì lórí pákó, tó sì nawọ́ di òpó àgọ́ mú. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó di ojú méjèèjì, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Kì í ṣe ara eré. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ mọ bí ojú èèyàn ṣe rí nígbà tí kò rí ibi tó ń tẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ wa fi yé mi nípa fláàṣì, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ tó ń tàn án kò mọ̀ pé kò ṣe wọ́n láǹfààní kankan. Iná kékeré ẹ̀yìn fóònù kì í ṣiṣẹ́ gidi kọjá nǹkan bíi mítà mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìmọ́lẹ̀ máa ń fọ́nká bó ṣe ń lọ: tí ìjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù; tó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Kí ló fẹ́ dé orí pèpéle níbẹ̀? Ìpàkọ́ ẹni tó wà níwájú yín ni iná yẹn máa ń tàn sí. Fóònù á wá rò pé ìpàkọ́ ọ̀hún ni ẹ fẹ́ yà, á fi ìmọ́lẹ̀ tó yẹ ìpàkọ́ yà á, pèpéle á sì dúdú. Ẹ ṣí àwọn àwòrán tí ẹ fi fláàṣì yà níbi eré alẹ́, ẹ ó rí orí funfun báláú àti òkùnkùn.

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí iná yìí kò bá lágbára tó báyìí, báwo ló ṣe ń dá òṣèré láàmú? Ẹni tó bá ti wakọ̀ lálẹ́ lọ́nà Lọ́kọ́ja kò ní bi mí. Iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè kò tíì mú ọ̀nà mọ́lẹ̀ fún ọ, ojú rẹ ló kọ́kọ́ fọ́ ná. Ojú tó ti mọ́ òkùnkùn lára máa ń là gbàgà, ìmọ́lẹ̀ kékeré tó bá ta sí i á fi àbàwọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì máa ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ojú tó padà bọ̀ sípò. Olókìtì tó wà lófuurufú kò ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gbá a mú nísàlẹ̀ náà kò ní.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Kàdúná, ó sì ti dolóògbé. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń sọ fún wa tí a bá ń lọ síbi ayẹyẹ: "Kúnlẹ̀. Yà á. Kúrò." Èèyàn tó bá dúró ṣánṣán níwájú àwọn òǹwòran, kódà kó jẹ́ pé òun ni wọ́n sanwó fún, yóò gba ìfọ́tí nígbà tó bá délé. Ó mú wa lọ sí Kánò rí láti lọ ya àwọn ẹlẹ́ṣin nígbà ọdún, ọdún Dọ́bà tí àjọ UNESCO fi sínú ìwé àjogúnbá àṣà aráyé tí kò ṣeé fọwọ́ kàn lọ́dún 2024. Bí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ti ń sáré bọ̀ níwájú Ẹ́míà, tí wọ́n gbé ọwọ́ sókè láti kí i, ọ̀gá mi á ti kó wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tan iná sójú ẹṣin. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Kánífà Àbújá lọ́dún 2005, èmi náà ti ní ọmọ iṣẹ́ tèmi. Róòlù fíìmù mẹ́wàá ló wà lápò mi lọ́jọ́ náà, róòlù kan jẹ́ àwòrán 36. Àwòrán 360 fún gbogbo ọjọ́. Ẹ ò mọ bó ṣe ń mú èèyàn fi ojú ara rẹ̀ wòran. Èèyàn á wò, á wò, á dúró de ìgbà tí oníjó bá fò sókè pátápátá, kó tó tẹ kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ya fídíò. Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ sójà ní Máídúgùrì. Inú fídíò lọkùnrin yẹn ti ń rí bí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe ń dàgbà. Ta ló fẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má yà á? Ṣùgbọ́n ìdajì ìṣẹ́jú tó fún un. Kó gbé fóònù sí igbá àyà, kì í ṣe òkè orí. Kó dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù, kó pa fláàṣì, kó sì wò ó dáadáa pé ó pa á lóòótọ́, torí fóònù mìíràn máa ń tàn án fúnra rẹ̀ tó bá ti ṣókùnkùn. Iná pèpéle máa ń sọ ojú òṣèré di funfun nínú fóònù. Kó fi ìka tẹ ojú òṣèré náà nínú gíláàsì, kó fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á jáde kedere. Tó bá ti rí ìyẹn yà, kó ti fóònù bọ àpò, kó bá àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ ya gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, ìlà ẹ̀yìn pátápátá ni kó lọ dúró sí. Àyè wà níbẹ̀.

Èyí tí mi ò lè fara mọ́ ni kí èèyàn gbé gbogbo eré sórí Facebook bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Iṣẹ́ òòjọ́ ẹlòmíràn ni. Òfin kọ́píráìtì ilẹ̀ wa, èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2022, fún òṣèré lẹ́tọ̀ọ́ lórí gbígba eré rẹ̀ sílẹ̀. Onídán fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí ẹyẹlé ṣe ń jáde nínú fìlà, ẹnì kan á gbé fídíò rẹ̀ jáde, á mú kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí ibi tí ẹyẹlé wà. Ta ni yóò tún sanwó wọlé?

Lókè òkun, wọn kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Lọ́dún 2015, Disney fòfin de ọ̀pá tí wọ́n fi ń ya sẹ́lífì ní gbogbo ọgbà wọn, nítorí ewu. Wọ́n á sì kéde fún yín pé kí ẹ má tan fláàṣì kí eré inú ilé tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ àwọn tó ni ọgbà ní Àbújá kò tilẹ̀ ná wọn lówó: kí wọ́n kéde ní Haúsá, ní Yorùbá, ní Ìgbò àti ní Píjìnì kí ìlù tó dún, kí wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn fún àwọn tó fẹ́ ya fídíò, kí àwọn òṣèré sì jáde wá fún ìṣẹ́jú márùn-ún tí eré bá parí, kí oníkálukú bá wọn ya fọ́tò níbi tí iná ti mọ́ dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin orí igi yẹn á láyọ̀ sí i. Mo rí i lẹ́yìn eré, ó jókòó sẹ́yìn àgọ́, ó ń tú okùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọdún, aládùúgbò wa kan gbé fóònù wá, ó ní, "Bàbá, ṣé ọmọ yín kọ́ nìyí?" Ọmọ wa ni lóòótọ́, lẹ́yìn èjìká ọ̀gbẹ́ni ọjọ́ yẹn. Ẹnì kan ti gé ibẹ̀ yọ, ó pè é ní ọmọ oníbisikíìtì, àwọn tí a kò mọ̀ rí sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò sọ nǹkan kan, ó wọ yàrá lọ. Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ lo ìsọfúnni ọmọdé gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí rẹ̀. Òfin ọ̀hún kò dá sí ohun tí èèyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀ nìkan, àmọ́ a ti ń bèèrè lọ́wọ́ ìyá kí á tó fún ọmọ rẹ̀ ní oúnjẹ jẹ, kí òfin yẹn tó dé.

Ọ̀gbẹ́ni tó jókòó níwájú wa, tí lẹ́tà yìí bá kàn yín lọ́wọ́, ẹ̀yin kọ́ lẹ fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́, mo mọ̀. Mo rí fídíò yín, ọwọ́ yín kò gbọ̀n, ẹ yà á dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé apá ibi tí ẹ ti yí kámẹ́rà padà kúrò níbi tí ẹ gbé e sí. Kò pẹ́ púpọ̀. Ẹ ó dá a mọ̀: ọmọ tó wọ aṣọ àǹkárá yẹ́lò, tó ń juwọ́.

Èmi ni tiyín,
Onífọ́tò tó ti fẹ̀yìn tì, Kúbwà, Àbújá.