Olivia Colman ló ni Broadchurch

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa Broadchurch, eré ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ITV ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Òṣèré David Tennant ni akọ̀ròyìn yín ń gbé gẹ̀gẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ìlà kan péré ló kan Olivia Colman, òṣèrébìnrin tí wọ́n jọ ṣe é. Ó dùn mí gan-an ni. Tennant mọṣẹ́, n kò jiyàn, ṣùgbọ́n Colman ló gbé eré yẹn ró.

Ẹ tún apá kìíní wò. Ellie Miller, ọlọ́pàá tí Colman ṣe, ti ìsinmi dé, ó kó ẹ̀bùn bọ̀ fáwọn ará ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ sì wà lọ́nà ipò ọ̀gá. Wọ́n ní àwọn ti gbé e fún àjèjì kan, Alec Hardy, ẹni tí Tennant ṣe. Kò tíì gbé ìyẹn mì tó fi dé ibi òkú kan létíkun: ọmọ ọdún 11, ọ̀rẹ́ ọmọ tirẹ̀ gan-an. Ẹkún bọ́ lẹ́nu rẹ̀, Hardy sì ń bá a wí pé ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ẹ wo bí Colman ṣe ń gbìyànjú láti gbé ẹkún náà mì, tí kò lọ.

(Ẹni tí kò bá tíì wò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ìpínrọ̀ tó kàn.)

Ṣáájú òpin eré, Ellie bi obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ti ṣèkà nínú ilé pé báwo ni kò ṣe mọ̀. Tìríratìríra ló fi bi í. Nígbà tó di apá kẹjọ, Hardy jókòó tì í, ó sọ fún un pé Joe, ọkọ rẹ̀, ló pa ọmọ náà. Joe kan náà tí wọ́n jọ gba Hardy lálejò oúnjẹ alẹ́! Ellie ní irọ́ ni, wọ́n ṣì í mú ni. Lẹ́yìn náà ni ara kọ̀ fún un, inú rẹ̀ ru, ó wó sígun yàrá. Kò pẹ́ tí ìyá ọmọ náà fi bi í ní ìbéèrè tí òun náà bi obìnrin ọjọ́sí: báwo ni o kò ṣe mọ̀? Kò rí èsì kankan fọ̀. Ojú rẹ̀ nígbà yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Colman ni BAFTA, ẹgbẹ́ tó ń fi àmì ẹ̀yẹ dá àwọn òṣèré lọ́lá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún ní àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó peregedé jù ní 2014. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá tún fẹ́ kọ nípa eré yìí, ẹ fún un ní ju ìlà kan lọ.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn