Kí olùkọ́ máa lo Wi-Fi ilé ìwé kọ́ ló ń pa íntánẹ́ẹ̀tì

Olóòtú,

Bí íntánẹ́ẹ̀tì ilé ìwé bá ti ń falẹ̀, olùkọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi: wọ́n ń wo YouTube, wọ́n ń ṣe WhatsApp lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá á yí páásíwọ́ọ̀dù padà; kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ilé ti mọ tuntun. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní 10 Mbps (Mbps ni òṣùwọ̀n ìyára íntánẹ́ẹ̀tì) ni ilé ìwé ń sanwó fún. Fídíò 1080p kan, èyí tó mọ́ kedere, ń gba nǹkan bíi 5 Mbps, èèyàn méjì péré ló lè wò ó kó tó kún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà 20 bá jọ ń fa àtúnṣe Windows tó jẹ́ 1 GB lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lé ní wákàtí mẹ́rin tí ọ̀nà fi máa dí, tí kò sí olùkọ́ kankan nídìí ẹ̀. Fóònù tó ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó lọ sí Google Photos náà ńkọ́? Ọ̀nà ìgbéjáde (upload) sábà máa ń tóóró ju ti ìgbàwọlé (download) lọ. Bó bá ti dí, ìbéèrè kékeré tí kọ̀ǹpútà fẹ́ fi ṣí ojú ewé lásán á máa tò lẹ́yìn fọ́tò.

Lórí ráútà MikroTik (ráútà ni ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì), irinṣẹ́ inú rẹ̀ tó ń jẹ́ Torch á fi ẹni tó ń lò jù hàn lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Queue, ibi tí ẹ ti ń fi òdiwọ̀n sí ìyára. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á kọ 10M (ìyẹn 10 Mbps) síbẹ̀ torí pé 10 ni wọ́n rà. Ẹ wọn ìyára ọ̀nà yín láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ 8 ló kéré jù, ẹ kọ 7M. Bí ráútà yín kò bá jẹ́ ibi tó tóóró jù, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ni dátà á ti máa tò, ọwọ́ yín ò sì tó ibẹ̀. Ẹ fi 3M pamọ́ fún ọ́fíìsì àti ìdánwò, kí fóònù olùkọ́ kọ̀ọ̀kan má kọjá 1M. Ìyẹn tó fún WhatsApp àti fídíò 360p, èyí tí kò mọ́ tó 1080p. Ẹ lè gbé e sókè nígbà ìsinmi ọ̀sán.

Ẹ fi Hotspot ráútà, ojú ewé tí wọ́n ti ń forúkọ wọlé, fún oníkálukú ní orúkọ tirẹ̀, ẹ̀rọ méjì péré. Ẹni tó bá pín tirẹ̀ fọ́mọ ilé ìwé, òun fúnra rẹ̀ ni kò ní rí lò. Dídí YouTube pa ò gbéṣẹ́: VPN, áàpù tó ń fi ibi téèyàn ń lọ pamọ́, ń kọjá lórí ìdènà náà, olùkọ́ Físíìsì sì nílò YouTube.

Ní ti Windows, ẹ ṣí Delivery Optimization, ètò kan nínú Windows, sílẹ̀ fún ẹ̀rọ inú yàrá, kí wọ́n máa gba àtúnṣe lọ́wọ́ ara wọn dípò kí gbogbo wọn máa jáde lọ bù ú. Àwọn kan ní ká máa ṣe é lóru. Ta ló máa tan jẹnẹrétọ̀ lóru? Ẹ mú wákàtí kan lẹ́yìn ìparí iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Iye GB tí oníkálukú lò ti tó láti mọ̀. Ẹ má wá ohun tí wọ́n kà. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 wà nílẹ̀, ẹ kọ ohun tí ráútà ń gbà sílẹ̀ sínú ìwé, kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i.

Kí ọ̀gá tó buwọ́ lu owó 20 Mbps, kó kọ́kọ́ béèrè àkọsílẹ̀ ráútà ti ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwa olùtọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwé,
Ìbàdàn